Ẹ Bi Bàbá Wáyà: Má Tíì Ta Káàdì Yẹn

ÌBÉÈRÈ
Bàbá Wáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó ni mò ń ṣe. Kọ̀ǹpútà mi jẹ́ i5-12400F, RAM 16GB, graphics card rẹ̀ sì jẹ́ RTX 3060 oní-12GB. Láti ọjọ́ tí mo ti ra kámẹ́rà Sony A7 IV ni Premiere tí mo fi ń gé fídíò ò ti jẹ́ kí n rímú mí. Bí mo bá ní kí fídíò máa lọ, á máa kọsẹ̀, á máa dúró. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá, wọ́n ní kí n fowó ránṣẹ́ kí àwọn bá mi ra RTX 5070 dání. Mo gbọ́ pé agbára rẹ̀ tó ti RTX 4090, káàdì ńlá yẹn. Ṣé kí n ta 3060 mi, kí n fi owó rẹ̀ kún un?
Oníkámẹ́rà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN
Àbúrò mi, o kú làálàá. Má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí Houston. Inú lẹ́tà rẹ gan-an ni ìdáhùn wà: ọjọ́ tí kámẹ́rà tuntun wọlé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ohunkóhun ò ṣe 3060 rẹ.

Sony yẹn lè ká fídíò 4K ní 10-bit 4:2:2. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí kámẹ́rà ṣe tọ́jú àwọ̀ tó. Kámẹ́rà ti di fídíò náà pọ̀ bí ẹrù ọjà, nǹkan kan sì gbọ́dọ̀ tú u kí Premiere tó lè fi hàn ọ́. Nínú káàdì NVIDIA, ilé-iṣẹ́ tó ṣe RTX rẹ, apá kékeré kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa tú fídíò lọ. Èyí tó wà nínú 3060 mọ 4:2:0, tó ń tọ́jú àwọ̀ díẹ̀ ju 4:2:2 lọ, tú dáadáa, àmọ́ kò mọ 4:2:2. Ti 4090 pàápàá, tí wọ́n gbé jáde ní $1,599 ní 2022, kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹrù yẹn ló wá ń bọ́ sórí CPU rẹ, ìyẹn i5 tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, òun ló ń mí hẹlẹ. Ṣí Task Manager lálẹ́ yìí nígbà tí fídíò bá ń kọsẹ̀, kó o fojú ara rẹ wò ó: CPU á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, GPU, ìyẹn 3060 rẹ, á sì jókòó bí àlejò.

Àwọn RTX 50 tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2025 ló kọ́kọ́ mọ 4:2:2 tú nínú ìdílé NVIDIA. Nítorí náà mi ò ní parọ́ fún ọ, bó o bá ra 5070, ara máa tù ọ́. Ṣùgbọ́n 5060 tí wọ́n gbé jáde ní $299 ní 2025 náà mọ iṣẹ́ yẹn. $250 tí 5070 fi ju u lọ, ohun mìíràn lo ń fi rà, kì í sì í ṣe òun ló ń dà ọ́ láàmú. (Má sáré lọ ra 5060 náà o. Memory 8GB ni tirẹ̀, 12GB ni ti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ.)

Ní ti ọ̀rọ̀ 4090 tó o gbọ́, Jensen Huang, ọ̀gá NVIDIA, ló sọ ọ́ ní Las Vegas ní January 2025, géèmù ló sì ń sọ. 5070 á ya àwòrán kan, AI á hùmọ̀ mẹ́ta tẹ̀lé e, iye àwòrán á wá pọ̀ lójú. Ìwọ tó ò ń gé fídíò ìyàwó tó ń jó wọ gbọ̀ngàn, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? $549 ni wọ́n gbé 5070 jáde. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí ₦1,500, ₦823,500 nìyẹn, a ò tíì fi owó-orí ọjà Texas kún un.

Èyí tí kò ná ọ ní nǹkan kan ni kó o kọ́kọ́ ṣe. Wọ inú ètò kámẹ́rà rẹ, lọ sí XAVC HS 4K, ọ̀kan lára ọ̀nà tí Sony ń gbà di fídíò, kó o mú 4:2:0 10-bit dípò 4:2:2. 3060 rẹ mọ ìyẹn tú. Fi òde kan ṣoṣo dán an wò. Àwọ̀ á dín díẹ̀, lóòótọ́. Bó o bá fa àwòrán sún mọ́ra, etí gèlè pupa lè má mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá ìyàwó tó ń wò ó lórí WhatsApp ò ní mọ̀.

Èyí tó o ti ká sílẹ̀, jẹ́ kí Premiere ṣe proxy rẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà kékeré tí wàá máa fi gé e. Tan iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ lóru ọjọ́ tí iná bá wà, kó o lọ sùn.

Bó o bá ṣì fẹ́ 4:2:2 dandan, wo F tó wà ní ìdí orúkọ 12400F. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀rọ àwòrán Intel kò sí níbẹ̀. 12400 tí kò ní F ní in, ó mọ 4:2:2 ti XAVC HS tú, ojú ihò kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń wọ̀. Wá oníṣòwò tó máa gba tìrẹ, kó o fi owó díẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ní Preferences inú Premiere, níbi Media, rí i pé o tẹ Intel. 4:2:2 ti XAVC S ni kò ní bá a mu, torí H.264, ọ̀nà ìdìpọ̀ mìíràn, nìyẹn. Owó tó bá kù, fi sọ RAM di 32GB.

Ojú tèmi náà ti rí i rí. Ní 2021 mo ra RTX 3070, mo tì í bọ inú kọ̀ǹpútà tí power pack rẹ̀ jẹ́ 450W. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ gbé fídíò jáde, ẹ̀rọ á kú fin. Mo bú NEPA, mo bú ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ mi ṣe, láìmọ̀ pé power pack ni. Ìgbà tí mo wá ra èyí tó tóbi tán, jẹnẹrétọ̀ kékeré ẹ̀yìnkùlé ní òun ò gbé e mọ́. 170W ni 3060 rẹ ń jẹ, 250W ni 5070. Àbúrò mi, ta ló ń ra epo?

ÌBÉÈRÈ
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 16, ní kí n ra RTX 5090 fún òun, £1,939! Ó ní GTX 1660 Super òun ti gbó. Ojú kọ̀ǹpútà tí bàbá rẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀ ló ń lò, 1080p, 60Hz. Ó ní òun á tún máa fi kàwé.
Ìyá Ọmọ, Peckham

ÌDÁHÙN
Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kò parọ́ pé tirẹ̀ ti gbó. 2019 ló jáde, kò ní ẹ̀rọ ray tracing tó ń ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn nínú géèmù, àwọn géèmù tuntun kan ò sì ní ṣí rárá láìsí i. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà 60Hz ò lè fi ju àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìbáà jẹ́ káàdì ọba lẹ kì sí i. 5090 nìkan ń jẹ 575W, NVIDIA sì ní kí power pack tó máa gbé e tó 1000W, ẹ̀yin náà lẹ máa ra ìyẹn. Ẹ ra 5060 Ti oní-16GB fún un, tí wọ́n gbé jáde ní bíi £400 ní 2025, kẹ́ ẹ fi ojú kọ̀ǹpútà 1440p tó tó 144Hz kún un. Àpapọ̀ wọn ò ní tó ìdajì ohun tó ń béèrè.

Ní ti ìwé tó fẹ́ fi kà, ẹ ní kó kọ orúkọ iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń béèrè 5090 sílẹ̀ fún yín.