Díákónì kì í ṣe fada kékeré

ÌBÉÈRÈ: Fada, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàrà la ti wá. Bàbá wa ti lé ní 80 ọdún, àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀ láti oṣù tó kọjá, outstation sì ni tiwa, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lábẹ́ párìṣì, fada kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ọkùnrin kan tó ní díákónì lòun wá, ó gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn, ó fi òróró pa wọ́n lórí, ó gba ₦10,000 "owó òróró". Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti tó, pé Vatican ti yí òfin padà, pé díákónì lè ṣe gbogbo ohun tí fada ń ṣe àfi Mísà. Ṣé agbára díákónì yẹn tó, àbí ká ṣì pe fada? Àwọn kan tún ní kí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n mi yìí jẹ díákónì torí òun ló ra páànù ṣọ́ọ̀ṣì.

ÌDÁHÙN: Òkun o, arábìnrin mi. Ẹ pe fada párìṣì yín lónìí, kí ẹ tó ka ìyókù ohun tí mo kọ yìí. Ẹ ó padà wá bá a níbí.

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí irú ìbéèrè yìí máa wọlé sórí fóònù mi lọ́dún yìí, ọ̀kan láti Kabba, ọ̀kan láti Ìsánlú, inú sì ti ń bí mi, kì í ṣe sí yín o, sí àwọn tó ń fi òróró jẹun lára aláìsàn ni.

Ẹ ní ṣé agbára ẹ̀ tó. Ìyẹn kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè. Bíṣọ́ọ̀bù wo ló gbọ́wọ́ lé e lórí? Párìṣì wo ló ti ń ṣiṣẹ́, ta ló rán an wá? Mi ò mọ ọkùnrin náà, mi ò sì ní ti orí fóònù pè é ní gbájúẹ̀, ó lè jẹ́ pé àdúrà ló gbà tí ẹ̀yin pè é ní ìjẹ́wọ́. Àmọ́ díákónì tó kẹ́kọ̀ọ́ ò ní jókòó gbọ́ ìjẹ́wọ́ láé, ó mọ̀ pé òun ò lè ṣe é. Ẹ fi tó fada párìṣì létí.

Ọ̀rọ̀ "fada kékeré" yìí ló ń da gbogbo nǹkan rú. Níbi tá a wà yìí, ECWA wà, Baptist wà, Apostolic wà, díákónì tiwọn jẹ́ àgbà ìjọ tó ń ran pásítọ̀ lọ́wọ́, ó dáa bẹ́ẹ̀ fún wọn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Nínú Ìjọ Àgùdà, sákrámẹ́ńtì ni jíjẹ́ díákónì, ìyẹn àmì mímọ́ tí Ọlọ́run fi ń fúnni ní oore-ọ̀fẹ́, kì í ṣe oyè ọlá. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti wá ń ṣìnà, wọ́n á ní tó bá jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ló gbọ́wọ́ lé e, a jẹ́ pé ó ti di fada dé ìdajì nìyẹn. Rárá o. Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbáyé, sọ ọ́ kedere pé ìgbọ́wọ́lé ti díákónì, ti iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ipò àlùfáà. Ẹ wo stólù, aṣọ gbọọrọ tí fada ń fi kọ́ ọrùn tó máa ń ṣubú síwájú lápá méjèèjì: ti díákónì gba èjìká òsì kọjá láyà lọ sí ìhà ọ̀tún. Ó lè ṣèrìbọmi, ó lè so tọkọtaya pọ̀ tí wọ́n bá yọ̀ǹda fún un, ó lè ka Ìhìnrere kó wàásù, ó lè sìnkú, ó lè gbé Ara Olúwa, ìyẹn Komúníọ̀, lọ fún aláìsàn.

Òróró aláìsàn ńkọ́? Jákọ́bù orí 5 ní kí wọ́n pe àwọn àgbà Ìjọ, ìyẹn àwọn àlùfáà, kí wọ́n fi òróró pa aláìsàn, bó bá sì ti dẹ́ṣẹ̀, a ó dárí jì í. Ẹ rí i? Ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú òróró yẹn, ẹni tó lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini lórúkọ Kristi náà ló lè fi pa èèyàn, ìyẹn fada tàbí bíṣọ́ọ̀bù. Ní 2005, Kádínà Ratzinger, tó di Póòpù Benedict lọ́dún yẹn kan náà, fọwọ́ sí ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an: díákónì ò lè ṣe é, ọmọ ìjọ ò lè ṣe é, ẹni tó bá dán an wò, àfarawé sákrámẹ́ńtì ló ń ṣe. Tí èèyàn bá ń kú lọ, fada tí wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pàápàá lè gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ kó sì dárí jì í, ṣùgbọ́n díákónì ò lè ṣe é, bó ti wù kó jẹ́ ẹni mímọ́ tó.

Òótọ́ ni pé nǹkan yí padà. Ní 1967 ni Póòpù Paul VI gbé ìlànà kalẹ̀ tí ọkùnrin tó níyàwó fi lè di díákónì títí ayé ẹ̀. Ní 2021 Póòpù Francis ní kí wọ́n máa fi obìnrin náà sípò òǹkàwé àti akólítì, ìyẹn ẹni tó ń ṣèránṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ó sì sọ iṣẹ́ kátíkísì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, di ipò tí Ìjọ fúnra ẹ̀ ń yan èèyàn sí. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an, torí kátíkísì ló kọ́ mi ní àmì àgbélébùú, kì í ṣe fada. Kátíkísì yín lè gbé Komúníọ̀ wá fún bàbá tí wọ́n bá ti yàn án fún un, ó lè bá wọn ka sáàmù. Ọmọ tuntun tó bá ń kú lọ, ẹ̀yin gan-an lè da omi sí i lórí kẹ́ ẹ ṣèrìbọmi fún un lórúkọ Baba àti ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́, ó ti tó. Àmọ́ kò sí ìkankan nínú ìyípadà wọ̀nyí tó kan ìjẹ́wọ́ àti òróró.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ di fada, wọ́n pè mí sí abúlé kan lálẹ́, ọ̀kadà ló gbé mi nínú òjò. Mo débẹ̀, wọ́n ní ẹnì kan ti fi òróró pa bàbá lọ́sàn-án, kí n jókòó, kí n kọ́kọ́ jẹun. Wọ́n gbé iyán wá. Mo ti fọwọ́ tán kí n tó gbọ́ igbe láti yàrá. Òróró ṣì wà nínú báàgì mi.

Ti bàbá yín ò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn tí wọ́n fi jẹ́wọ́, Ọlọ́run rí i, ẹ má já wọn láyà, ẹ kàn ní fada ń bọ̀ wá kí wọn. Òróró ò lówó o, ẹ má san kọ́bọ̀.

Ẹ bá mi dúpẹ́ páànù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín, àmọ́ páànù kì í sọni di díákónì. Ẹni tó níyàwó gbọ́dọ̀ pé ọdún 35 ó kéré tán, ìyàwó ẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ó sì máa kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta.

Ẹ gbé tábìlì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ funfun, àgbélébùú, àbẹ́là. Ẹ sọ fún fada bóyá bàbá ṣì ń gbé nǹkan mì, torí Komúníọ̀. Kí ẹnì kan sì dúró dè é létí títì, ó lè má mọ ilé.