Kí ló dé tí àgbà kì í fẹ́ kí a kí òun kí a tó fọnu?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí, mo gé e kúrú. Ìyàwó kan tí kò tíì pẹ́ lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ sọ pé bí òun bá jí láàárọ̀ tí òun lọ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ òun, màmá á kàn mi orí, wọn ò ní dáhùn, wọ́n á nawọ́ sí orín tó wà létí ògiri. Bí òun bá fọnu tán tí òun padà wá, ìgbà náà ni wọ́n á wá wúre fún òun dáadáa. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá èèwọ̀ ni, àbí ìmọ́tótó lásán. Ó tún bèèrè bóyá orín nìkan tó láti fi tọ́jú ẹnu lójoojúmọ́, nítorí látìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í run ún ni èrìgì òun ti ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá ò bínú sí yín. Kì í ṣe èèwọ̀ tó ní ètùtù, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ló ń ṣe é. Ilé mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ọmọ bá jí tí kò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí òbí rẹ̀, ìyẹn gan-an ni wọ́n á kà sí àìlẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti di àṣà yìí mú, ohun méjì ló wà nídìí rẹ̀: ọ̀kan hàn sójú, èkejì fara sin.

Èyí tó hàn sójú kò gba àlàyé púpọ̀. Bí a bá sùn, itọ́ ẹnu wa máa ń dín kù gan-an, bẹ́ẹ̀ itọ́ yìí ló ń ṣan èérún oúnjẹ àti àwọn kòkòrò àìfojúrí kúrò lára eyín lójú mọmọ. Bí itọ́ bá ti dín kù, àwọn kòkòrò náà ráyè, wọ́n á máa jẹ èyí tó ṣẹ́kù sáàárín eyín, ohun tí wọ́n ń yọ síta ló sì ń rùn. Kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, àtọba àtìwọ̀fà. Ìkíni tiwa náà kì í ṣe ohun tí a ń ṣe láti òkèèrè. Ẹ ó kúnlẹ̀, ẹ ó béèrè bí wọ́n ṣe sùn, wọ́n á béèrè tiyín, ọ̀rọ̀ á gùn. Ọ̀wọ̀ ni kí a má fi òórùn ẹnu pàdé àgbà.

Èyí tó fara sin ló dùn mọ́ mi jù. Lójú àwọn baba wa, ẹnu àárọ̀ kì í ṣe ẹnu lásán. Ẹ wo bí àwọn oníṣègùn ṣe ń júwe oògùn mìíràn: kí ẹni tó fẹ́ lò ó jí ní kùtùkùtù, kó lò ó kó tó fọnu, kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọfọ̀ wà tó jẹ́ pé ẹnu tí kò tíì kan omi ni wọ́n fi ń pè é. Wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ènìyàn lẹ́yìn oorun ní àṣẹ ju èyí tó tẹ̀lé e lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ní ohun pàtàkì kan tó fẹ́ fi ẹnu yẹn ṣe, kí ló fẹ́ fi fọ ọ̀rọ̀ kọ́rọ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ìbínú sí? Kó yáa fi omi ṣàn án ná. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ẹ ṣi mímì tí màmá ń mi orí gbọ́. Ẹ ṣọ́ wọn dáadáa láàárọ̀ ọ̀la. Bí mo bá mọ àwọn ìyá àgbà wa dáadáa, ẹ ó rí i pé àwọn fúnra wọn kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lásìkò yẹn, nítorí àwọn náà kò tíì fọnu. Àdúrà ni wọ́n fẹ́ fi ìdáhùn ìkíni yín ṣe, wọn ò sì ní fi ẹnu àìfọ̀ wúre fún ìyàwó ọmọ wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá tètè pàdé wọn kí ẹ tó fọnu, ẹ tẹríba díẹ̀, kí ẹ sì kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí orín bá sì wà lẹ́nu yín tí àgbà wọlé dé, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó kí wọn. Ìyẹn kò yàtọ̀ láti ilé kan sí èkejì tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìmọ́tótó lásán ló wà nídìí àṣà yìí, pé àwọn àgbà kàn fi àṣẹ àti ọfọ̀ dẹ́rù bà wá ni. Mi ò gbà. Àwọn tó dá a sílẹ̀ kò ya méjèèjì sọ́tọ̀: ẹnu tó mọ́ ni ẹnu tó yẹ fún ìre. Ẹ̀yin ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ọmọbìnrin: Eyínfúnjowó. Owó ẹyọ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ o, kì í ṣe owó bébà. Eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ.

Ó wá ku orín fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo igi ni a ń run. Orín ata ni mo máa ń fi ṣe olórí, gbòǹgbò igi tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Zanthoxylum zanthoxyloides ni. Bí ẹ bá ti rún un lẹ́nu, á kọ́kọ́ máa ta yín, lẹ́yìn náà ètè àti orí ahọ́n á kú tipiri fún ìgbà díẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tí eyín ń dùn fi ń wá a kiri. Gbòǹgbò kan náà yìí ló gbé orúkọ Yunifásítì Ifẹ̀ jáde ní ọdún 1971, nígbà tí Abayomi Sofowora, onímọ̀ nípa egbòogi níbẹ̀, àti ẹnìkejì rẹ̀ kọ ọ́ síta pé omi rẹ̀ lè dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti wọ́ nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde padà sí ìrísí rẹ̀. Inú ìgò àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí èyí o. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ máa mu àgbo orín ata. Pákò Ìjẹ̀bú wà, Massularia acuminata, igi kékeré inú igbó tó korò díẹ̀. Igi orógbó náà dára, ewúro sì wà fún ẹni tó lè fara da ìkorò. Dongoyárò tí gbogbo ayé ń ṣẹ́ báyìí, àlejò ni, láti ilẹ̀ Íńdíà ló ti wá. Àwọn Mùsùlùmí àárín wa sì ní síwáàkì, tí Ànábì sọ pé bí kì í bá ṣe pé yóò nira fún àwọn ènìyàn òun ni, òun ì bá pàṣẹ pé kí wọ́n máa lò ó kí wọ́n tó kí ìrun kọ̀ọ̀kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá, láti àwọn ọdún 1980, ti fọwọ́ sí i pé kí ibi tí ó ti jẹ́ àṣà máa lo orín lọ.

Bí a ṣe ń run ún ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀. Ẹ mú èyí tó tóbi tó ìka ọwọ́ yín tó kéré jù. Bó bá ti gbẹ kankan, ẹ rẹ orí rẹ̀ sómi di ìgbà tó bá rọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ bó èèpo ẹnu rẹ̀, ẹ wá fi eyín ẹ̀gbẹ́ rún un títí yóò fi tú sílẹ̀ bí ẹnu ọwọ̀. Ẹ tu omi àkọ́kọ́ dànù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e sí ibi tí eyín àti èrìgì ti pàdé, kí ẹ máa fà á láti èrìgì wá sí orí eyín: ti òkè, ẹ fà á wálẹ̀, ti ìsàlẹ̀, ẹ fà á sókè. Ẹ má fà á sọ́tùn-ún sósì tagbáratagbára. Ẹ ṣe iwájú, ẹ ṣe ẹ̀yìn, ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn eyín ńlá inú lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ la igi náà sí méjì, kí ẹ fi abala kan ha ahọ́n láti inú bọ̀ níta, nítorí orí ahọ́n ni òórùn ẹnu máa ń sá pamọ́ sí jù. Ẹ fi omi ṣan ẹnu. Kí ọjọ́ kejì tó dé, ẹ gé ibi tó ti tú yẹn sọ nù. Ẹ má dì í tutùtutù sínú ọ̀rá, á bu. Orín kan, ẹnu kan: tọkọtaya kì í jọ run ún.

Àṣírí kan wà níbẹ̀ tí a kì í sábà kà sí. Ìyá àgbà á ki orín sẹ́nu, á gbálẹ̀ àgbàlá, á fọn iná, á sọ omi kaná, orín ṣì wà lẹ́nu wọn. Ó lè tó ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó sọ ọ́ nù, itọ́ á sì ti máa sun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní gbogbo àsìkò yẹn. Àwa tí a ń lo búrọ́ọ̀ṣì, ìṣẹ́jú 2 tí àwọn dókítà eyín bẹ̀ wá pé kí a fi fọ̀ ọ́, a kì í lò ó pé.

Ṣé orín nìkan tó? Fún àárọ̀, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n run, mo ní ó tó. Fún alẹ́, rárá. Orín kì í ráyè dé ẹ̀yìn eyín inú dáadáa, kò sì ní fluoride tó pọ̀ tó láti mú kí ara eyín le, kí ìkan inú ẹnu, ìyẹn omi kíkan tí àwọn kòkòrò ń yọ, má tètè jẹ ẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́ kí ẹ tó sùn. Ẹ wo ara páálí rẹ̀, kí fluoride inú rẹ̀ wà láàárín 1,000 sí 1,500 ppm, ìyẹn ìwọ̀n rẹ̀ nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ tu ìfófòó rẹ̀ dànù, ẹ má fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí ẹ má sì fi nǹkan kan sẹ́nu mọ́ àyàfi omi. Àwọn àgbà tó ní kòkòrò ló ń jẹ eyín kò ṣìnà púpọ̀; ó kàn kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ ni. Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀, ìkan tó sì ń yọ lẹ́yìn tó bá jẹun tán lè ṣiṣẹ́ lára eyín fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Ìyẹn ni pé ẹni tó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lẹ́ẹ̀kan náà sàn ju ẹni tó ń fi ṣẹnu díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èédú, eérú tàbí iyanrìn pa eyín nítorí pé ẹ fẹ́ kó funfun. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú àwọn baba wa ṣe é. Ó ń fá èèpo líle tó bo eyín, èèpo náà kì í sì í hù mọ́ bó bá ti lọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi ra eyín burú jùyẹn lọ. Pé nǹkan ti inú oko wá kò sọ ọ́ di aláìléwu.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ yẹn, nǹkan méjì ló sábà ń fà á. Ó lè jẹ́ pé orín yín le jù, tàbí pé ẹ kò rún un kó tú dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì dẹwọ́. Èkejì ni pé èrìgì náà ti wú tẹ́lẹ̀ nítorí ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, orín kàn tú àṣírí rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ èyí, ẹ má tìtorí ẹ̀jẹ̀ dáwọ́ fífọ̀ dúró, fífọ̀ jẹ́jẹ́ gan-an ni oògùn rẹ̀. Ẹ fi ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ sínú ife omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ máa fi ṣan ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ. Bí oyún bá wà níkùn, èrìgì tètè máa ń wú, ó sì tètè máa ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì níbi tí ẹ ti ń gba ìtọ́jú aboyún. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dúró láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà eyín. Bí eyín bá ń mì, tàbí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú tí ara sì gbóná, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ lọ.