Dókítà ní kí n lọ gba therapy: ṣé wọn ò ní sọ pé orí mi ti dàrú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ẹni ọdún 35 ni mí. Oṣù 8 rèé tí ọmọ mi bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ibà ló ṣe é, kò ju ọmọ oṣù 5 lọ. Láti ìgbà náà, mi ò rí oorun sùn, oúnjẹ ò wù mí jẹ, mo sì ti ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Dókítà yẹ̀ mí wò, kò rí àìsàn kankan, ló bá kọ̀wé fún mi pé kí n lọ rí psychologist fún therapy, ìtọ́jú ọkàn tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe. Ìyá ọkọ mi ní wèrè ló ń lọ síbẹ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ṣé oògùn tí mi ò ní lè jáwọ́ nínú rẹ̀ mọ́ ni wọ́n á fún mi? Ṣé àṣírí mi ò ní tú? Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lè wo èèyàn sàn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ ò dárúkọ ọmọ náà nínú lẹ́tà yín, mo sì rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Tí ọmọdé bá kú nílẹ̀ wa, òkú ọ̀fọ̀ ni. Òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, wọ́n á ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, wọ́n á ní kí ìyá nujú nù. Ìtùnú ni wọ́n fi ń ṣe, mi ò sì bá wọn jà. Àmọ́ èmi tí mo jẹ́ psychologist ni mò ń rí ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: obìnrin tí kò ráyè sunkún ọmọ rẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni, tí ara rẹ̀ wá ń bá a sun ún. Orí á máa fọ́, àyà á máa já, oorun á sá. Ìbànújẹ́ nìyẹn, kì í ṣe wèrè.

Mo mọ ibi tí ìyá ọkọ yín ti mú ọ̀rọ̀ wá. Èébú ni Árò, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ tó wà l'Ábẹ́òkúta, lẹ́nu wa, bí “Yaba left” ṣe jẹ́ èébú l'Ékòó. Bẹ́ẹ̀ Árò yìí kan náà, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, àwọn abúlé tó yí i ká ló fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí tó ń se oúnjẹ fún wọn. Wọ́n á lọ gbàtọ́jú, wọ́n á sì padà sáàárín àwọn ará abúlé. Àwọn tó ń jókòó níwájú mi lónìí, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń rìn wọlé: ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ọkọ rẹ̀ já jù sílẹ̀, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já nínú ọkọ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá.

Ìjókòó kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí 1 lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìbéèrè ló máa pọ̀. Wọ́n lè béèrè bóyá ó ti ń ṣe yín bíi kí ẹ kú. Ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Bíbéèrè kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn, ẹ sì sọ òótọ́.

Lẹ́yìn náà niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìmọ̀ràn bíi ti ẹ̀gbọ́n tàbí pásítọ̀. Ká ní ìyá kan ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Èmi ni mo pa ọmọ mi, mi ò tètè gbé e dé ọsibítù.” Mi ò ní sọ fún un pé kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. A óò jọ tú u palẹ̀ ni: ìgbà wo libà náà bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Èwo lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ lẹ́yìn tó lọ? Ó lè gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Iṣẹ́ àṣetiléwá náà wà: kí ẹ máa jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí kan péré.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní Harare, lórílẹ̀-èdè Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà àdúgbò bí wọ́n ṣe lè fi irú ọ̀rọ̀ báyìí tọ́jú èèyàn, lórí bẹ́ńṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Àwọn Shona, ẹ̀yà kan níbẹ̀, ní orúkọ fún irú àìsàn yìí, kufungisisa, ìyẹn àròjù. Wọ́n yẹ iṣẹ́ náà wò láàárín èèyàn 573, èsì rẹ̀ jáde ní 2016: lẹ́yìn oṣù 6, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ńṣì yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ti oògùn, psychologist kì í kọ ọ́. Dókítà ló ń kọ ọ́, pàápàá dókítà àìsàn ọpọlọ, tí ìbànújẹ́ náà bá wúwo jù. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣíwọ́ rẹ̀ tó bá yá. Ẹ ṣáà má dá a dúró fúnra yín lójijì.

Àṣírí yín ò ní dé etí ọkọ yín, kò ní dé etí ìyá ọkọ yín. Ìgbà tí ẹ̀mí yín tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu nìkan ni wọ́n lè sọ ọ́ fún ẹni tó lè dáàbò bò yín. Ẹ béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tí ẹ bá sì lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, tí ọkàn yín ò gba ẹni náà, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹlòmíràn; kò ní bínú.

Ẹ mú ìwé dókítà yẹn dání, kí ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bẹ ìyá ọkọ yín pé kó sìn yín dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọọmọ òun náà ló lọ, bóyá kò sì tíì sẹ́ni tó bi í bó ṣe ń sùn.