Ojú ìbọn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ àwòrán odi náà

Ẹ̀yin arákùnrin tí ẹ ń ya àwòrán Castillo de San Marcos, odi òkúta tí Sípéènì kọ́ sí ìlú St. Augustine ní Florida, tí ẹ sì béèrè bí ògiri rẹ̀ ṣe yẹ kí ó nípọn tó, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ìnípọn ògiri sílẹ̀ ná. Iṣẹ́ àwòrán ilé ni mò ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń fi pákó gbẹ́ àpẹẹrẹ irú odi báyìí. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni pé ojú ìbọn, ìyẹn ibi tí ọta ìbọn lè dé láti orí odi, ni àwọn ẹnjiníà Sípéènì kọ́kọ́ ń wò, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ògiri ń tọ̀.

Ẹ gbà pé ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ baluarte kan, ìyẹn igun odi tí ó yọ síta bí orí ọfà, níbi tí wọ́n ń gbé ìbọn àgbá sí. Láti ibẹ̀, ẹ óò rí ẹsẹ̀ ògiri tí ó so baluarte méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú yín yóò sì gba ara baluarte kejì lọ títí dé ṣóńṣó rẹ̀, láìsí ibi tí ọ̀tá lè lúgọ sí. Ilé ìṣọ́ róbótó ti àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: ibì kan máa ń ṣẹ́kù níwájú rẹ̀ tí ìbọn kankan kò lè dé, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀tá yóò sì dúró sí tí yóò máa gbẹ́ ìdí ògiri. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fa ìlà láti ẹ̀gbẹ́ baluarte kìíní dé ṣóńṣó èkejì, kí ẹ jẹ́ kí ojú baluarte kejì tẹ̀lé ìlà yẹn, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: San Pedro, San Pablo, San Agustín àti San Carlos.

Ní ti ògiri, irú òkúta rẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an. Ignacio Daza, ẹnjiníà tí ó ti Havana ní Cuba wá, ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1672, coquina láti erékùṣù Anastasia ni wọ́n sì fi mọ ọ́n, òkúta tí ó jẹ́ kìkì ìkarahun wẹ́wẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí ọta bá bà á, kì í fọ́ yángá; ṣe ni ọta náà ń rì wọ inú rẹ̀. Nígbà tí James Moore kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì Carolina wá dótì í ní 1702, nǹkan bí 1,500 ènìyàn ni ó sá wọ inú odi yìí fún bí oṣù méjì, tí wọ́n sì kó màlúù wọn sínú yàrà. Moore sun ìlú, ṣùgbọ́n kò rí odi gbà.

Ẹ má ṣe gbàgbé ilẹ̀ tí ó yí odi ká. El Morro, odi Sípéènì mìíràn ní Havana, lágbára, síbẹ̀ òkè Cabaña ga jù ú lọ. Ní 1762, àwọn Gẹ̀ẹ́sì to ìbọn àgbá sórí òkè náà, wọ́n gbẹ́ ihò sábẹ́ baluarte El Morro, wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ ọ ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, wọ́n sì wọlé. Ọdún kejì ni Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi mìíràn sórí òkè Cabaña. Nítorí náà, ẹ ya gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ tí ó wà níwájú yàrà San Marcos mọ́ àwòrán yín, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ìbọn tí ó wà lókèèrè rí ẹsẹ̀ ògiri.