Iṣẹ́ Fífi Ìró Wo Inú Ara
Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti gba BAC, ìwé-ẹ̀rí ìparí girama, ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, mo sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún. Níbo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ọmọ wa, o kú oríire. Ẹ̀ka àwòrán ìṣègùn wà ní EPAC, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀-ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ Yunifásítì Abomey-Calavi. Ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ béèrè. Múra sí físíìsì, torí ìró tó ga kọjá 20,000 hẹ́ẹ̀tì (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tó jẹ́ òpin èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́, ni ẹ̀rọ náà ń lò. Afẹ́fẹ́ a máa dí ìró yìí lọ́nà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi jẹ́ẹ̀lì tútù pa ikùn aboyún. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń fi ọwọ́ darí ẹ̀rọ náà lórí ikùn ló ṣòro kọ́ jù: bí ọrùn ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ọkàn ọmọ tó ń lù kìkì lójú ẹ̀rọ yóò pòórá, ìyá tó dùbúlẹ̀ yóò sì máa wo ojú rẹ.