Dúkì Kì Í Sin Dúkì: Bí A Ṣe Ń Rí Ilẹ̀ àti Ìjòyè Nínú Crusader Kings III

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Murchad, alákòóso Munster ní Írẹ́lándì, ni mo fi bẹ̀rẹ̀ Crusader Kings III, eré kọ̀ǹpútà nípa ìjọba àtijọ́, ní ọdún 1066. Mo ti jagun títí mo fi ní ẹkùn 6, gbogbo wọn ló sì wà lọ́wọ́ èmi fúnra mi, síbẹ̀ wúrà tó ń wọlé kò tó ti ìgbà tí mo ní 4. Mo ránṣẹ́ sí àwọn ọba yòókù ní Írẹ́lándì pé kí wọ́n wá sìn mí, kò sí ọ̀kan tó gbà. Ṣé ọba kọ́ ni mí ni? Báwo ni mo ṣe lè ní ilẹ̀ àti ìjòyè sí i?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ọ̀rọ̀ yín pé ọba ni yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dì mú, nítorí ibẹ̀ ni ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀. Lára ipò tí eré yìí mọ̀ fún àwọn tó ń ṣàkóso ẹkùn, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ni ti káńtì, dúkì, ọba àti olú-ọba. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é fẹ́ kí orúkọ oyè bá àṣà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan mu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe dúkì Írẹ́lándì ní ọba kékeré. Orúkọ lásán ni. Dúkì ni Murchad, dúkì náà sì ni alákòóso Leinster tó múlé tì yín. Dúkì kì í sin dúkì. Bí ẹ tilẹ̀ kó ẹ̀bùn tó kún ààfin fún un, kò lè gbà títí ipò yín yóò fi ga ju tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ẹkùn 6 yẹn wò. Iye ilé-olódi, ìyẹn ibùdó tó wà nínú àwọn ẹkùn, tí alákòóso lè dá bójú tó fúnra rẹ̀ ní òpin, òpin náà sì ń ga sí i bí ipò rẹ̀ bá ga tàbí bí ọgbọ́n àbójútó rẹ̀ bá pọ̀. Ẹ ó rí nọ́ńbà méjèèjì lójú ìwé ìjọba yín, iye tí ẹ ní àti iye tó yẹ kí ẹ ní. Bí ẹ bá ti kọjá ààlà náà, eré yóò dín owó orí àti ọmọ ogun kù ní gbogbo ilẹ̀ yín, kì í ṣe ní ẹkùn tó lé nìkan. Ohun tó sọ wúrà yín di kékeré nìyẹn. Ó tún ku ọ̀kan: ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ogun gbà kì í tètè wà ní ìkáwọ́ ẹni tó gbà á, owó tó ń ti ibẹ̀ wá kò sì ní pé títí ìkáwọ́ náà yóò fi lágbára. Balógun yín ni kí ẹ yàn sí irú ẹkùn bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi ẹkùn tó lé tọrẹ. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn láti fi ohun tó fi ẹ̀jẹ̀ gbà fún ẹlòmíràn, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ òṣèré tó kọ̀ jálẹ̀ títí ìjọba wọn fi fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá fún ní ẹkùn yóò di ìjòyè yín, yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀, yóò máa fi ọmọ ogun ránṣẹ́, yóò sì fẹ́ràn yín nítorí ọrẹ náà. Ẹ wá ẹni tí ẹ̀sìn àti àṣà rẹ̀ bá tiyín mu, tí ìwà ìtẹ́lọ́rùn sì hàn lára àmì ìwà rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń lépa ipò. Ẹ má fi ìkánjú ṣe é, torí bí ẹ bá gba oyè padà láìsí ẹ̀ṣẹ̀ kan pàtó, ìwà ìkà ni eré yóò kà á sí, gbogbo ìjòyè yín yóò sì bínú.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi gbogbo ọkàn sí ni dídá oyè ọba Írẹ́lándì sílẹ̀. Ó gba pé kí ju ìdajì àwọn ẹkùn tó jẹ́ ti Írẹ́lándì látilẹ̀ wà lábẹ́ yín, pẹ̀lú wúrà 500, ojú ìwé oyè náà yóò sì fi àmì hàn yín lórí ohun tó bá kù. Ẹkùn tó wà lọ́wọ́ ìjòyè yín wà lára ohun tí wọ́n ń kà, nítorí náà ọrẹ tí ẹ ṣe kò dín yín kù ní ohunkóhun. Kí ẹ tó dé ìdajì yẹn, oyè dúkì ni àtẹ̀gùn: ẹni tó bá ti ní oyè dúkì kan lè jagun gba ẹkùn èyíkéyìí tó jẹ́ ti oyè náà, láìdúró de àlùfáà ààfin kó wá ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà jáde fún un. Iṣẹ́ àlùfáà ń pẹ́, ó sì ń jẹ wúrà, ṣùgbọ́n òun ni ẹ ó gbára lé fún ilẹ̀ tí kò sí lábẹ́ oyè kankan tí ẹ ní. Bí ogun bá ti parí, ọdún 5 ni àdéhùn àlàáfíà, ẹ kọjú sí aládùúgbò mìíràn ní àkókò yẹn.

Ọjọ́ tí ẹ bá gba adé Írẹ́lándì ni kí ẹ tún ránṣẹ́ sí àwọn tó kọ̀ yín. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì náà, ẹ gbé máòsì lé nọ́ńbà ìdáhùn, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Ìwé kékeré kan yóò ṣí, níbi tí ìdí tó ń fà á sọ́dọ̀ yín wà ní àwọ̀ ewé, tí èyí tó ń fà á sẹ́yìn sì wà ní pupa: ohun tó rò nípa yín, bóyá ẹ̀yin ni olúwa rẹ̀ látilẹ̀, ẹ̀sìn, àṣà, agbára ogun. Bí ó bá ku díẹ̀, ẹ fún un ní wúrà, tàbí kí ẹ fi ète ìfàmọ́ra rọ ọkàn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òmíràn yóò wọlé láìsí pé ọmọ ogun kan kú, inú mi sì máa ń dùn sí irú ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀ ju ti ojú ogun lọ.

Fún alágídí tó ṣì kọ̀, ẹ wo àwọn tó ní ẹ̀tọ́ sí oyè rẹ̀, kí ẹ pe ọ̀kan nínú wọn wá sí ààfin. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní ilẹ̀ kékeré kó lè di ìjòyè yín, lẹ́yìn náà kí ẹ jagun nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí oyè tó gbà bá kéré sí tiyín, abẹ́ yín ni yóò wà pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀ náà. 

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ adé yìí. Òfin ogún tí Munster ń lò yóò pín ilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Murchad lọ́jọ́ tó bá kú. Bí oyè dúkì 2 tàbí 3 bá wà nílẹ̀ láìsí oyè ọba lórí wọn, olúkúlùkù ọmọ yóò gba tirẹ̀, yóò sì dá dúró. Ṣùgbọ́n bí adé kan bá wà, arólé ni yóò dé e, àwọn àbúrò rẹ̀ tó jẹ dúkì yóò sì máa sìn ín. Torí náà, kí ẹ tó tún kéde ogun kankan, ẹ wo ọjọ́ orí Murchad, kí ẹ sì ka iye ẹkùn tó kù kí ẹ tó kọjá ìdajì.