Ṣé ọ̀fẹ́ ni bíà ìtọ́wò tí èèyàn bá lọ sí iléeṣẹ́ ọtí ní Amẹ́ríkà?

Rárá, ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọtí kéékèèké níbẹ̀, owó ni wọ́n ń gbà: nǹkan bíi dọ́là 2 sí 4 lórí ife ìtọ́wò kan, tàbí dọ́là 8 sí 16 fún mẹ́rin pa pọ̀.

Mẹ́rin yẹn ni wọ́n ń pè ní flight. Orí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n dá ihò sí ni wọ́n máa ń to àwọn ife náà sí, láti orí èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí oyin títí dé èyí tó dúdú bíi kọfí. Ọ̀dọ̀ èyí tó fúyẹ́ lẹ́nu ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, torí pé èyí tó korò kì í jẹ́ kí ẹnu mọ adùn òmíràn mọ́. Ife kọ̀ọ̀kan máa ń gba bíi mìlílítà 120, nítorí náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ju ife ńlá kan lọ, síbẹ̀ owó wọn sábà máa ń ju ti ife ńlá náà lọ. Bíà tí ọtí inú rẹ̀ le máa ń wọ́n sí i.

Àmọ́, tí o bá kàn fẹ́ tọ́ díẹ̀ wò kí o tó rà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta á máa bu ẹ̀kán kan fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Níbòmíràn, owó ìwọlé ti kó ọtí mọ́ ọn, bíi ti Guinness Storehouse, ibi ìgbafẹ́ iléeṣẹ́ bíà Guinness ní Dublin, lórílẹ̀-èdè Ireland.

Mú káàdì ìdánimọ̀ dání: ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 kò lè ra ọtí ní Amẹ́ríkà.